Ìbátan Ni Wọ́n, àbí Aládùúgbò? Iṣẹ́ William Herschel lórí Ìràwọ̀ Ìbejì àti Agbo Ìràwọ̀



Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti máa ń rí Àgùàlà lẹ́bàá òṣùpá, tí wọ́n sì ń pè é ní ajá oṣù. Ojú kò purọ́ fún wọn, nítorí pé ní alẹ́ mìíràn, ìmọ́lẹ̀ kékeré náà a máa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ ńlá náà bí ajá ti ń tẹ̀ lé ọdẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ni wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ náà pa òwe, tí wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Iyèméjì wà nínú ‘ṣe bí’ yẹn. Ẹni méjì lè jọ máa rìn lójú wa kí ó má sì sí ohunkóhun tí ó so wọ́n pọ̀. Lónìí a mọ̀ pé oòrùn ni Àgùàlà ń yí po gẹ́gẹ́ bí ayé wa ti ń yí i po, àti pé nígbà tí ó bá súnmọ́ wa jù lọ pàápàá, ó ṣì fi nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún jìnnà jù òṣùpá lọ. Kì í ṣe ajá oṣù.

Bí a bá rí ìmọ́lẹ̀ méjì tí wọ́n súnmọ́ ara wọn ní ojú ọ̀run, ọgbọ́n wo ni a lè dá tí a ó fi mọ̀ bóyá ìbátan ni wọ́n, tàbí pé ojú wa ni ó kàn tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a fi ìrọ̀lẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ìtàn ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìmọ̀ físíìsì. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ mí lógún jù ni bí àwọn ènìyàn ṣe wá mọ ohun tí wọ́n mọ̀, iye ọdún tí ó ná wọn, àti ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, mo ní láti là díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí n ó máa lò. Ìràwọ̀ méjì tí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí lójú wa, ìràwọ̀ oníméjì ni n ó máa pè wọ́n. Bí ìwádìí bá ti fi hàn pé wọ́n ń yí ara wọn po nítòótọ́, wọ́n di ìràwọ̀ ìbejì. Àwọn tí wọ́n bá sì kó ara wọn jọ, ìbáà ṣe ní mẹ́wàá mẹ́wàá tàbí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, agbo ìràwọ̀ ni wọ́n.

Ọ̀dọ̀ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. John Michell ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1724, ó kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Cambridge, kí ó tó lọ di àlùfáà ní Thornhill, nítòsí ìlú Leeds. Ní ọdún 1767 ó tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé Ẹgbẹ́ Ọba ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nínú rẹ̀ ni ó ti mú àwọn ìràwọ̀ mẹ́fà tí wọ́n mọ́lẹ̀ jù nínú agbo tí à ń pè ní Pleiades. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá jáde síta ní alẹ́ ọyẹ́, tí ó sì gbójú sókè, yóò rí agbo yìí, nítorí kò jìnnà sí àtàrí wa ní ilẹ̀ Yorùbá. Michell ní: ká ní a fọ́n àwọn ìràwọ̀ 1,500 tí ìmọ́lẹ̀ wọn tó ti àwọn wọ̀nyí káàkiri ojú ọ̀run láìwo ibi tí wọ́n bọ́ sí, báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí mẹ́fà bọ́ sí ibi kékeré bẹ́ẹ̀? Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nǹkan bí 500,000.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wò ó báyìí. Bí ẹnì kan bá da ẹ̀wà 1,500 sí ojú àgbàlá ńlá kan, tí a sì wá bá mẹ́fà ní ojú ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọkàn wa yóò sọ fún wa pé ó ní ohun tí ó kó wọn jọ. Bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ rì wọlẹ̀. Bóyá ọmọdé kan ti ṣa wọ́n síbẹ̀. Èrò Michell nìyẹn. Ó ní ohun tí ó kó àwọn ìràwọ̀ jọ lè jẹ́ òòfà, agbára kan náà tí Newton fi ṣàlàyé bí òṣùpá ṣe ń yí ayé po, àti pé bí ó ti rí fún agbo ni ó rí fún àwọn oníméjì: wọ́n ti pọ̀ jù ohun tí àkọsẹ̀bá lè ṣe lọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìṣirò yìí tẹ́ lọ́rùn. Ní nǹkan bí ọdún 1850, James David Forbes, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, takò ó gidigidi. Ó ní ẹni tí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀wà ti ṣù jọ, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣírò bí ó ti ṣòro tó kí wọ́n ṣù jọ níbẹ̀ gan-an, ti fi ara rẹ̀ sí ipò aláṣejù, nítorí pé bí a bá da ẹ̀wà sílẹ̀, ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n yóò ti pọ̀ jù. Lójú tèmi, Forbes jàre ní ti iye náà: a kò lè gba 500,000 yẹn gbọ́ gẹ́gẹ́ bí iye tí ó péye. Ṣùgbọ́n kò jàre ní ti kókó ọ̀rọ̀. Agbára ẹjọ́ Michell kò sí nínú agbo kan ṣoṣo. Inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìràwọ̀ oníméjì àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo tí wọ́n fọ́nká ojú ọ̀run ni ó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí Michell mọ̀ nígbà náà kò tí ì pọ̀. Ẹni tí yóò kà wọ́n ni kò tí ì dé.

Ẹni náà ni William Herschel. Ní Hanover, ní ilẹ̀ Jámánì, ni a ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1738. Afọnfèrè ni baba rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun, iṣẹ́ orin náà ni òun pẹ̀lú sì kọ́. Ní ọdún 1757 ó sá fún ogun wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi orin wá oúnjẹ òòjọ́ kiri títí ó fi di ẹni tí ń tẹ dùùrù ní ilé ìsìn Octagon ní ìlú Bath ní ọdún 1766. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kọ ojú sí ìràwọ̀. Nítorí pé kò ní owó tí ó lè fi ra awò-awọ̀nàjínjìn tí ó tóbi, ó pinnu láti ṣe é fúnra rẹ̀. Bàbà àti tánganran ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ nígbà náà láti fi ṣe dígí awò. Lẹ́yìn tí ó bá tutù, a ó máa fi ọwọ́ dán an fún wákàtí púpọ̀ láìsinmi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Caroline, tí ó mú wá láti Hanover ní ọdún 1772, ṣàlàyé nínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé nígbà kan tí ẹ̀gbọ́n òun kò gbé ọwọ́ kúrò lára dígí fún wákàtí 16, òun ni òun ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ní ọdún 1781, nígbà tí wọ́n fẹ́ rọ dígí ńlá kan ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, irin yíyọ́ jò láti inú ẹ̀kù tí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹṣin mọ, ó ṣàn sórí òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, òkúta náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ fò káàkiri. Gbogbo wọn fẹsẹ̀ fẹ.

Inú ọdún 1781 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, ni Herschel rí Uranus, tí òkìkí rẹ̀ fi kàn gbogbo Yúróòpù. Ọba George Kẹta fún un ní owó ọdọọdún, pọ́n-ùn 200, kí ó lè fi iṣẹ́ orin sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa kò kọjá ibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Uranus ni ó ń wá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìràwọ̀ oníméjì ni ó ń wá.

Kí ni ó fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi níhìn-ín, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Bí a bá wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn igi etí ọ̀nà a máa sáré kọjá lójú wa, ṣùgbọ́n òkè tí ó wà lọ́nà jíjìn yóò dàbí ẹni pé ó dúró sójú kan. Bí ayé wa ti ń yí oòrùn po, àwa náà wà nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ìràwọ̀ tí ó bá súnmọ́ wa yẹ kí ó máa ṣí nípò díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́fà, kí èyí tí ó jìnnà má sì ṣí. Galileo ti dá a lábàá nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1632 pé bí a bá rí ìràwọ̀ méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, tí ọ̀kan mọ́lẹ̀ tí èkejì sì ṣe bàìbàì, a lè gbà pé èyí tí ó mọ́lẹ̀ ni ó súnmọ́ wa, kí a fi èkejì ṣe òkè ọ̀nà jíjìn, kí a sì máa wọn àyè tí ó wà láàárín wọn. Bí a bá rí ìyípadà, a ó mọ bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà sí wa tó. Kò sí ẹni tí ó tí ì mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ohun tí Herschel ń kó jọ fún nìyẹn. Ní ọdún 1782 ó kó 269 jáde nínú ìwé. Ní ọdún 1785 ó fi 434 mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń fọkàn bá mi lọ, ẹ ó ti rí ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Ọgbọ́n Galileo kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí àwọn ìràwọ̀ méjèèjì bá jẹ́ àjèjì sí ara wọn, tí ọ̀kan wà nítòsí tí èkejì sì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì bí Michell ti wí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jìn sí wa, kò sì sí òkè kankan tí a lè fi díwọ̀n igi. Bí Herschel bá ti ń rí wọn sí i ni ẹ̀rí ń pọ̀ sí i pé ohun tí ó ń kó jọ kò lè wúlò fún ohun tí ó torí rẹ̀ kó wọn jọ. Michell fúnra rẹ̀ rí èyí kíákíá. Nínú àròkọ mìíràn tí a kà ní ọdún 1783, ó tọ́ka sí àwọn ìràwọ̀ Herschel, ó sì sọ pé láàárín ọdún díẹ̀ ó ṣeé ṣe kí a rí i pé àwọn kan nínú wọn ń yí ara wọn po.

Herschel kò yára gbà. Ní ọdún 1782 ó kọ ọ́ pé ó ti yá jù láti máa gbé àbá kalẹ̀ nípa ìràwọ̀ kékeré tí ń yí ńlá po. Àwọn òǹkọ̀wé kan bá a wí nítorí èyí, bí ẹni pé olóríkunkun ni. Èmi kò bá wọn wí i. Kò tí ì sí ẹni tí ó rí ìràwọ̀ kan tí ó yí po èkejì. Ìṣirò àkọsẹ̀bá nìkan ni ó wà nílẹ̀, a sì ti rí àléébù tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí Herschel ṣe dára jù àríyànjiyàn lọ: ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ‘ó ń kọ ọ́ sílẹ̀’ yìí, nítorí kì í ṣe òun ni ó ń kọ ọ́. Láti ọdún 1783 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi awò ẹsẹ̀ bàtà ogún gbá ojú ọ̀run bí ẹni ń gbálẹ̀, kí ó lè rí gbogbo agbo ìràwọ̀ àti gbogbo ìkúùkù tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá yọ ojú nínú awò láti wo fìtílà kí ó lè kọ̀wé, yóò pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó tún mọ́ òkùnkùn lára. Caroline ni ó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú fìtílà, aago àti ìwé àwòrán ọ̀run; bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti kígbe ohun tí ó rí láti orí àtẹ̀gùn, yóò wo aago, yóò kọ ọ́, yóò sì tún kà á padà sí i létí. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń sùn, àbúrò a máa da àwọn àkọsílẹ̀ náà kọ ní mímọ́, a sì máa ṣe ìṣirò wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1783, yìnyín bo ilẹ̀, ojú ọ̀run sì ṣẹ̀ṣẹ̀ là. William ké sí i pé kó yára. Bí ó ti ń sáré nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ìkọ́ irin kan tí ó wà lára ẹ̀rọ náà sì gún un wọ itan. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lórí rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ kù sára irin. Caroline kọ ọ́ pé ìtùnú òun ni pé ìkúùkù bo ojú ọ̀run ní ìyókù alẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n òun kò sì pàdánù iṣẹ́ púpọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ wo ọ̀run pẹ̀lú. Nínú ọdún 1783 ó fi awò kékeré rí àwọn agbo ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ sílẹ̀ rí. Láàárín ọdún 1786 sí 1797 ó rí ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ. Ní ọdún 1787 Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í san pọ́n-ùn 50 fún un lọ́dún, owó àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, tí ó lè ná bí ó ti wù ú. Ní ọdún 1798 a tẹ ìwé rẹ̀ jáde tí ó tún àṣìṣe inú ìwé ìràwọ̀ Flamsteed ṣe. Mo sọ èyí kì í ṣe láti fi yẹ́ ẹ sí nìkan. Iṣẹ́ ìràwọ̀ ìbejì rọ̀ mọ́ fífi ohun tí a rí lónìí wé ohun tí a rí ní ogún ọdún sẹ́yìn. Bí ìwé àná bá sọnù tàbí tí ó kún fún àṣìṣe, kò sí ìràwọ̀ ìbejì kankan tí a lè rí. Láìsí ọwọ́ Caroline, ojú William ì bá ti já sí asán.

Ní ti àwọn agbo, èrè tí ìgbálẹ̀ náà mú wá pọ̀ gan-an. Messier ará Faransé ti wo ìmọ́lẹ̀ bàìbàì kan nínú ìràwọ̀ Hercules ní ọdún 1764, ó sì kọ ọ́ pé kò sí ìràwọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Herschel kọ dígí ńlá sí i, ó rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ tí wọ́n ṣù bí oyin. Ìwé mẹ́ta ni ó fi kó ìkúùkù àti agbo 2,500 jáde: 1,000 ní ọdún 1786, 1,000 ní ọdún 1789, àti 500 ní ọdún 1802. Ó kíyè sí i pé àwọn kan fọ́nká láìní ìrísí kan pàtó, àwọn mìíràn sì rí róbótó, tí wọ́n ki ní àárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ìrísí róbótó náà ni ó dì mú. Ó ní kò sí ohun tí ó lè máa ṣù nǹkan jọ sí àárín bẹ́ẹ̀ àfi agbára tí ń fà wọ́n síbẹ̀. Ní ọdún 1789 ó fi ọ̀run wé ọgbà tí èhù, ewé, òdòdó àti igi gbígbẹ jọ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tí kò ní ẹ̀mí tó láti fi wo igi kan láti ìgbà tí ó hù títí ó fi gbẹ, lè wo igi púpọ̀ tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀, kí ó sì mọ ìtàn wọn. Gẹ́gẹ́ bí òpìtàn, mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ni ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí ó kọ. Kí ó tó sọ ọ́, ọ̀run kò ní ìtàn. Ohun tí ó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀ títí ayé.

Ó tó àkókò wàyí kí a padà sórí àwọn oníméjì. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1802, Herschel ya ìràwọ̀ méjì tí ojú kàn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára méjì tí òòfà so pọ̀, ó sì fún àwọn ìkejì yìí ní orúkọ tí à ń lò di òní. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1803 àti 1804, ó gbé ẹ̀rí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti tún àwọn ìràwọ̀ ìgbà èwe iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀n, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí ní ibi tí ó fi wọ́n sí mọ́.

Àpẹẹrẹ tí ó fi ṣáájú ni Castor, nínú ìràwọ̀ Gemini tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ìbejì ní èdè Látìnì. Orí kan ṣe é ní rere níhìn-ín: James Bradley ti kíyè sí i ní ọdún 1759 pé ìlà tí ó so àwọn ìràwọ̀ Castor méjèèjì pọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìlà tí ó lọ láti Castor sí Pollux, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí Herschel láti ọ̀dọ̀ Maskelyne. Láti ìgbà náà sí ọdún 1803, láàárín ọdún 43 ó lé díẹ̀, ìlà náà ti yí ní digrí 45 ó lé díẹ̀. Àwọn méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn sí i, wọn kò súnmọ́ra sí i tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń yí ni. Ó ṣírò pé yóò gba wọ́n ní ọdún 342 láti yípo tán.

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ ì bá ti dúró níbẹ̀ kó máa yọ̀. Herschel kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ti fi hàn ní ọdún 1783 pé oòrùn wa kò dúró sójú kan. Ṣé kì í ṣe ìrìn tiwa ni ó mú kí Castor dàbí ẹni tí ń yí? Ó gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò láti ìhà gbogbo: bóyá oòrùn ni ó ń rìn, bóyá ìràwọ̀ ńlá ni, bóyá kékeré ni. Ìràwọ̀ mẹ́fà ni ó kó wá sílé ẹjọ́ náà, Castor pẹ̀lú márùn-ún mìíràn. Oòrùn kan ṣoṣo kò lè máa lọ sí ọ̀nà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Bí a bá sì ní kí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa rin ìrìn tirẹ̀ ní ọ̀nà tí ó gún régé, a jẹ́ pé àkọsẹ̀bá mẹ́fà ni a fẹ́ gbà gbọ́. Nínú ọ̀kan lára wọn, Zeta ti Hercules, ó rí ìràwọ̀ méjì kedere ní ọdún 1782. Ní ọdún 1802 ẹyọ kan ṣoṣo ni ó rí, nítorí pé ọ̀kan ti lọ sẹ́yìn èkejì.

Báyìí ni ẹni tí ó wá ọ̀nà àtimọ bí ìràwọ̀ ti jìnnà tó kò ṣe rí ohun tí ó wá. Ọdún 1838 ni Bessel ará Jámánì tó fi ọ̀nà mìíràn rí i, lẹ́yìn ikú Herschel, lára ìràwọ̀ 61 Cygni. Bí ọ̀rọ̀ sì ti máa ń yíjú padà, ìràwọ̀ ìbejì ni 61 Cygni náà. Ohun tí Herschel rí rọ́pò rẹ̀ ni pé òòfà kò mọ sí àyíká oòrùn wa. Mo gbọ́dọ̀ fi ìdúró kan sí i, nítorí àwọn ìwé kan sọ̀rọ̀ kọjá ààlà: Herschel fi hàn pé wọ́n ń yí po, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé òfin Newton gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Félix Savary ni ó ṣe ìyẹn ní Paris ní ọdún 1827, nígbà tí ó fi òfin náà ṣírò ipa ọ̀nà ìràwọ̀ Xi ti Ursa Major, tí ó sì rí i pé ó bá gbogbo ohun tí a ti wọ̀n mu: ìyípo kan ní nǹkan bí ọdún 58. Ohun tí a mọ̀ lónìí jẹ́ nǹkan bí ọdún 60.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni èrè rẹ̀? Èrè rẹ̀ ni pé kò sí òṣùwọ̀n mìíràn tí ó ṣeé gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi wọn ìràwọ̀. Bí a bá mọ iye ọdún tí méjì fi ń yí ara wọn po, tí a sì mọ bí àyè àárín wọn ti fẹ̀ tó, a mọ ìwọ̀n àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ìràwọ̀ tí ó dá wà kì í sọ ìwọ̀n ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bessel yìí kan náà kíyè sí i ní ọdún 1844 pé Sirius, tí ó mọ́lẹ̀ jù gbogbo ìràwọ̀ lọ lójú wa, ń mì lójú ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tí a fi okùn fà. Ó ní ẹnìkejì kan wà níbẹ̀ tí a kò rí. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1862 ni Alvan Graham Clark fi awò tuntun rí i ní Amẹ́ríkà. Ohun kékeré yẹn kò tóbi ju ayé wa lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo tó oòrùn.

John Herschel, ọmọ William, gbé awò ẹsẹ̀ bàtà ogún wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, sí Cape, ní oṣù kìíní ọdún 1834, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1838. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1847 kó ìràwọ̀ oníméjì 2,102 àti ìkúùkù pẹ̀lú agbo 1,707 jọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Omega Centauri, agbo róbótó tí ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ìràwọ̀. Baba rẹ̀ kò rí i rí, nítorí kì í yọ ní ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń yọ ní tiwa. Ẹni tí ó bá wà ní Ìbàdàn, tí ó kọjú sí gúúsù ní alẹ́ oṣù karùn-ún tí òjò kò ṣú, lè rí i láìlo awò, bí ìràwọ̀ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe bàìbàì.

Ní ti ìtàn agbo ìràwọ̀ tí William Herschel gbìyànjú láti kọ, ó jàre níbì kan, kò jàre níbòmíràn. Lóòótọ́ ni àwọn agbo róbótó dàgbà: ọjọ́ orí Omega Centauri tó bílíọ̀nù ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn tí ó fọ́nká ń ṣù jọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi di róbótó, bí ó ti rò. Pleiades tí Michell fi ṣe ìṣirò wà ní nǹkan bí 440 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ sí wa, àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń tọ̀. Ìbátan ni wọ́n, Michell jàre. Síbẹ̀ ọmọdé ni wọ́n, nǹkan bí mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún ọdún, wọn yóò sì túká ní ọjọ́ iwájú. Ìràwọ̀ ìbejì pẹ̀lú ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní àárín agbo róbótó: bí ìràwọ̀ mìíràn bá kọjá nítòsí wọn, wọn a máa gbá a sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, èyí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí gbogbo agbo náà rì sí àárín ara rẹ̀. Ọ̀nà méjì tí Herschel fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti pàdé níbẹ̀.

Herschel kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1822. Caroline padà sí Hanover, ó tún gbogbo agbo àti ìkúùkù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tò ní ọ̀nà tí yóò rọrùn fún John láti wá wọn, Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìràwọ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù sì fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá ní ọdún 1828. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 98 nígbà tí ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1848.

Awò Gaia, tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ sí òfúrufú ní ọdún 2013, ti jẹ́ kí a mọ ìràwọ̀ ìbejì tí ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ti Castor, a ti rí i pé kì í ṣe méjì: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí Herschel rí jẹ́ ìbejì fúnra rẹ̀, ìbejì kẹta sì ń yí gbogbo wọn po lókèèrè, wọ́n wá di mẹ́fà. Ìyípo tí ó fi sí ọdún 342, nǹkan bí 460 ni a mọ̀ ọ́n sí báyìí. Láti ìgbà tí ó ti kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n ní ọdún 1779 títí di òní, ní ti iye ọdún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì ìyípo kan ni.